Ìwé Ọ̀rọ̀ Tá A Là sí Méjì

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òórùn ọ̀dà, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé orí àpótí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ máa jókòó sí ka lẹ́tà yìí, búrọ́ọ̀ṣì á wà létí yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà kán sí i. Ẹ bá mi kí Bàbá Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irun mi níbí, mo kàn ń fi gèlè kékeré kan bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Mo ti dé láyọ̀. Yàrá mi wà lókè pátápátá. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo ń gùn kí n tó débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kà á, torí kò sẹ́ni tí mò ń bá tàkúrọ̀sọ bí mo ṣe ń gùn ún. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé kan tó dojú kọ fèrèsé ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan wà nínú fèrèsé yẹn tó máa ń bomi rin òdòdó kan ṣoṣo láràárọ̀. Mo ti wò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo rò pé ike ni òdòdó náà.

Ẹ̀kọ́ dáa. Ẹ̀kọ́ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ tí mo wá kọ́ yìí dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé mo máa ń mọ ìdáhùn, kí n tó rí ẹnu gbé e jáde, ẹlòmíràn á ti sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ilé ìkàwé níbí máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé "ẹ ṣé." Bàbá, òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì dá mi lóhùn.

Ìdajì ìwé tí ẹ fún mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò gbàgbé òjò tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó fọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ. Mi ò sì gbàgbé bí ẹ ṣe ra ìwé tuntun, tí ẹ fi ayùn là á sí méjì bíi búrẹ́dì, tí ẹ ní kí ẹ̀yin kó ọ̀rọ̀ tilé, kí n kó ti òkè òkun, bí mo bá padà dé ká rán an pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni mi ò tíì rí. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Adákẹ́-ń-wò, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Lẹ́tà rẹ dé, ọ̀dà sì ti kán sí i. Àwọ̀ ewé ni, ó bọ́ sórí ọkùnrin olódòdó, bóyá òdòdó rẹ̀ á hù báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù dípò kí n máa dààmú ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ orí fóònù dà bí ọ̀dà tí wọ́n bu omi là jù, kì í pẹ́ bó.

Ìwọ ọmọ yìí, o gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, o ò pàdé ẹnì kan? O dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ni yẹ lẹ́ni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn kì í béèrè pé báwo lara.

Bóyá o ti gbàgbé òfin ìwé wa, jẹ́ kí n tún un sọ. Kọ ọ̀rọ̀ náà. Kọ ẹni tó sọ ọ́. Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹnu lè parọ́, àmọ́ ọwọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Èyí tí o ò bá sì fetí ara rẹ gbọ́, má kọ ọ́. Wo àpẹẹrẹ. Onígbàjámọ̀ ní: "Gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga mi ló ń tẹrí ba, títí kan àwọn tí kì í kíni." Ọwọ́ rẹ̀: ó ń po ọṣẹ. Ta ló sọ ọ́ sí? Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì kí gbogbo wa kó tó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé, má bínú. O mọ̀ pé ọkàn mi ò fẹ́ ìrìn àjò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí sáà àkọ́kọ́ bá parí tí ọ̀rọ̀ inú ìdajì rẹ kò pé mẹ́wàá, á jẹ́ pé o ò rí èèyàn bá gbé níbẹ̀ nìyẹn. Kó ẹrù rẹ, máa bọ̀ nílé. Ìwé kíkà kò sá lọ síbì kan. Mi ò bímọ kó lọ máa gbé bí àga tí wọ́n gbàgbé sínú yàrá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Inú yín á dùn sí lẹ́tà yìí. Ìwé ti ń kún.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí kíláàsì ní: "Ọkọ̀ tó bá ń dúró de gbogbo èèyàn, kò ní í gbé ẹnì kankan débi tó ń lọ." Ọwọ́ rẹ̀: ọ̀kan ń wakọ̀, ìkejì ń nu ìrì kúrò lójú gíláàsì.

Ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ìsàlẹ̀ ilé wa ní: "Kọ́kọ́rọ́ kò mọ ọlọ́lá, ihò tó bá a mu ló mọ̀." Ọwọ́ rẹ̀: ó ń gbá lẹ́búlẹ́bú irin kúrò lórí tábìlì.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Màmá kan wà tó máa ń nu ilẹ̀ ilé ìkàwé láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Aṣọ iṣẹ́ wọn búlúù, okùn bàtà ni wọ́n fi so awò ojú wọn mọ́ ọrùn, wọ́n sì máa ń kun orin kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní: "Ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ síwájú." Ọwọ́ wọn: méjèèjì di igi ìnulẹ̀ mú.

Ẹ rí i pé mo ń bá èèyàn gbé. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n máa bọ̀ mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi àtàtà,

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ìyá anulẹ̀ yẹn, onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀. Oníbàárà tó ń fá lọ́wọ́, irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan ti lọ, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà, òun náà ní kí n tún un kà. Onígbàjámọ̀ ní, "Ọlọ́dà, ọmọ tó o sọ pé kì í sọ̀rọ̀ nìyí? Kì í sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó mọ ẹni tó yẹ kéèyàn gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Gbọ́ ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́ wá gbé iṣẹ́ pátákó ara ògiri fún mi. Ó ní kí n kọ "Ẹ Káàbọ̀" sí i. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo ilé ló ń kọ ẹ káàbọ̀." Mo ka ọ̀rọ̀ màmá yẹn fún un. Ó ní èyí gan-an ni òun fẹ́. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sórí búlúù, mo sì kọ sísàlẹ̀ pé: "Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ lókè òkun ló sọ ọ́." Wọ́n ti gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ ìrìn padà. Bíríkìlà kan wà níbẹ̀ tó já láti orí ilé. Láti oṣù mẹ́ta ni kò ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ní báyìí, abẹ́ pátákó yẹn ló ń lọ dúró sí láràárọ̀, á fọwọ́ ti ògiri, á fẹ̀yìn rìn díẹ̀, á tún wá síwájú.

Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí màmá náà, mo fi sínú tìrẹ yìí. Bá mi kà á sí i létí. Kẹ́ ẹ sì jọ ya fọ́tò, ìwọ àti òun, kí bíríkìlà lè rí i. Ìbéèrè kan ni tèmi: ṣé ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ ni, àbí ìmí ẹ̀dùn?

Mo ń sun oorun dáadáa báyìí. Mo ti mọ̀ pé o rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdánwò la wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kò gùn. Mo gba lẹ́tà nọ́ọ̀sì. Màmá ti lọ fún ìsinmi, mi ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Ọ̀rọ̀ inú ìdajì tèmi ti pé mẹ́wàá. Ẹ kí ará ilé.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Adákẹ́-ń-wò,

Mo bi ọ́ pé ẹ̀rín àbí ìmí ẹ̀dùn, o fi ìdánwò dá mi lóhùn. Ìsinmi wo ló ń gbà láti oṣù tó kọjá? Ṣé ó kú ni? Bó bá kú, sọ fún wa. Bíríkìlà ti ń fi igi kan ṣoṣo rìn, ojoojúmọ́ ló ń béèrè fọ́tò. Nọ́ọ̀sì ti ra gíláàsì tí wọ́n máa fi bò ó. Má jẹ́ kójú tì mí láàárín àwọn èèyàn yìí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni ìwé wà.

Màmá kò kú. Wọn ò gba ìsinmi kankan. Láàárọ̀ òní gan-an, wọ́n nu ilẹ̀ kọjá lẹ́bàá tábìlì mi. Bàbá, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

Tábìlì kan wà nítòsí ilẹ̀kùn tí mo máa ń jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wò wọ́n. Mo rí i tí wọ́n fẹ̀yìn rìn, mo rí i tí ilẹ̀ ń dán níwájú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí mi lọ́kàn. Ojú mi ló rí i, orí mi ló sọ ọ́, mo wá fi sí wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe agékọ́kọ́rọ́. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni, kò sí ọ̀kan tí mo fetí gbọ́.

Ẹ ní bí ìwé bá ṣófo, kí n máa bọ̀ nílé. Mi ò sì fẹ́ padà, Bàbá. Mo fẹ́ràn ohun tí mò ń kọ́. Mo lè wo ilẹ̀ báyìí kí n sọ ibi tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn ni mò ń bẹ̀rù. Bí mo bá fẹ́ kí ẹnì kan, mo máa ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ikùn, ìgbà tí mo bá fi máa múra tán, onítọ̀hún á ti yà lọ́nà. Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ fi nǹkan dí ojú ìwé, ẹ máa fi mí sílẹ̀ kí n lọ wá èèyàn níwọ̀nba agbára mi. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa gbé ọ̀rọ̀ mi kọ́ ara ògiri.

Ẹ bá mi bẹ nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi bẹ bíríkìlà, kó má jókòó padà nítorí mi. Mo ti fa igi lé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìdajì tèmi ti ṣófo padà. Bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́ta rèé, mi ò gbúròó yín. Mo ti ń lọ wo àpótí lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú. Ẹ bínú, àmọ́ ẹ bá mi ka èyí.

Lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, mo ní kí n kúkú mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì lọ fún ẹni tó ni ín. Ọjọ́ méje ni mo fi mú un dání, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ níwájú màmá. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fi igi ìnulẹ̀ dí mi lọ́nà.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti tẹ ibi tí mo nù láàárọ̀ yìí. Ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo parọ́ mọ́ yín ni."

Èyí tí mo ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kọ́ nìyẹn. Ó kàn já bọ́. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní kí n rò ó. Mo rò ó látòkèdélẹ̀, mo ka lẹ́tà nọ́ọ̀sì fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí. Wọ́n wá gbé awò ojú wọ̀, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo máa ń fẹ̀yìn rìn?"

Mo ní, "Mo máa ń rí yín láràárọ̀."

"Tábìlì rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí mo ti ń fẹ̀yìn jáde parí iṣẹ́ nìkan lò ń rí. Ó dáa, gbà, nù ún bó o ṣe rí i."

Wọ́n fi igi ìnulẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Bàbá, mo fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìkẹrin sì bọ́ sínú garawa. Omi ọlọ́ṣẹ kún bàtà mi. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àpótí ìwé mú. Mo ti fẹ́ sunkún, àfi bí ẹ̀rín ṣe gba ẹnu mi náà.

Nígbà tí wọ́n gba èémí, wọ́n ní: "Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, kó kọ́kọ́ gbé garawa kúrò lọ́nà." Ọwọ́ wọn: wọ́n ń fún omi kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.

Èyí, etí mi ló gbọ́ ọ. Òun nìkan ló wà nínú ìdajì tèmi.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ti ń tètè dé, a jọ máa ń to àga sórí tábìlì kí wọ́n tó nu ilẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-nínú-garawa ni wọ́n ń pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ti fi mí han ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó sì ti fi mí han ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ìwé àlòkù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá olùkọ́ lóhùn ní kíláàsì. Ìdáhùn mi ò tọ̀nà, àmọ́ mo sọ ọ́ síta. Mo tún bi màmá bóyá òótọ́ ni ọkùnrin òdòdó yẹn ń bomi rin ike. Wọ́n ní, "Lọ bi í." Mi ò tíì lè lọ.

Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ya fọ́tò títí àwọn á fi ṣe irun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì, bó tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo bínú. Mi ò ní í fi pa mọ́. Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kìíní dé, mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kó jẹ́ kí n gbé pátákó mi. Bíríkìlà ní, "Kí lẹ fẹ́ gbé e lọ fún?" Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́dà, ẹni yòówù kó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ti gbọ́." Síbẹ̀, mo gbé e wálé. Mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ, èébú nìkan ló ń wá sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, mo bá jẹ́ kó gbẹ.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ tipẹ́. Awakọ̀, agékọ́kọ́rọ́ àti anulẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi. Ìdùnnú ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Lẹ́tà garawa wá dé. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kà á, nítorí mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó kà á dé ibi ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀rín mú un, ó ní kí oníbàárà máa lọ kó padà wá lọ́la, ọwọ́ òun ò dúró. Mo gbà á, mo kà á fúnra mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo kọ sí ọ lóṣù kẹwàá, pé bí ọ̀rọ̀ kò bá pé mẹ́wàá, máa bọ̀ nílé. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ wúwo tẹ́lẹ̀, mo tún fi ìbẹ̀rù lé e lórí. Ò ń fẹ̀yìn rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ tó ń yọ̀, èmi bàbá rẹ ni mo gbé garawa sọ́nà.

Mo yí pátákó padà. Àyè ṣì wà nísàlẹ̀. Mo pa ìlà tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo sì kọ ọ́ báyìí:

"Ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ síwájú." Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sọ ọ́, nígbà tí kò tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

"Kó kọ́kọ́ gbé garawa kúrò lọ́nà." Màmá anulẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tó ń fún omi kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Bíríkìlà ló fúnra rẹ̀ gbé e kọ́ padà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi dúró, nọ́ọ̀sì kàn dì í mú níbàdí ni. Sọ fún màmá pé àwọ̀ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi kun pátákó náà, mi ò sì mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó lọ ṣe irun, a ó dúró de fọ́tò.

Dúró níbẹ̀, kàwé rẹ. Bí ojú ìwé bá ṣófo, jẹ́ kó ṣófo. Ìgbà tó bá wù ọ́ lo ó padà wálé, abẹ́rẹ́ àti òwú wà lọ́wọ́ mi, a ó rán ìdajì méjèèjì pọ̀ bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó. Lọ bi ọkùnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ òdòdó rẹ̀. Ó ń jẹ mí lọ́kàn.

Kọ èyí sí ojú ìwé kejì: "Garawa tí mo gbé sọ́nà ọmọ mi, mo ti gbé e kúrò." Bàbá rẹ ló sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀: ó ń kọ lẹ́tà, ọ̀dà sì ti kán sí i.